Bí orílẹ̀-èdè méjì tó jọ ń ṣe ológun bá jà, báwo ni wọ́n ṣe ń parí ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé orílẹ̀-èdè kan bínú sí èyí tí wọ́n jọ wà nínú àdéhùn ogun. Wọ́n á dá ìdánrawò dúró, wọn ò ní gba ọkọ̀ ogun ara wọn láyè mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó tún rí wọn pọ̀. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín? Ṣé ẹnì kan ló máa ń tọrọ àforíjì ni? Ta ló máa ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yéké, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ti àforíjì. Ó ṣọ̀wọ́n. Ìjọba tó ti dúró níwájú aráàlú rẹ̀ pé òun ò ní ṣe nǹkan kan kì í fẹ́ padà lá itọ́ tó ti tu sílẹ̀. Bí irú ìjà yìí ṣe máa ń parí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ́físà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á wá ọ̀nà tí iṣẹ́ á fi máa lọ, tí ọ̀rọ̀ tí kálukú ti sọ á sì wà níbi tó wà. Ó máa ń pẹ́, torí pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà lóòótọ́ kí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tó là.

Èyí tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ ni ìjà Amẹ́ríkà àti New Zealand. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kò sì tún yọjú sí New Zealand títí di oṣù kọkànlá 2016.

Àwọn méjèèjì àti Ọsirélíà ló jọ fọwọ́ sí àdéhùn ogun tí wọ́n ń pè ní ANZUS ní San Francisco ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1951. Ní oṣù keje 1984, ẹgbẹ́ Labour wọlé ìbò ní New Zealand, David Lange sì di olórí ìjọba. Wọ́n ti ṣèlérí fáwọn olùdìbò pé ọkọ̀ tó bá gbé ohun ìjà núkílíà, tàbí tó ń fi agbára núkílíà rìn, kò ní wọ èbúté àwọn mọ́. Amẹ́ríkà náà ní ìlànà tirẹ̀ tí kì í yẹ̀: kò ní sọ pé ọkọ̀ kan gbé ohun ìjà núkílíà, kò sì ní sọ pé kò gbé e. Ìdí rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá sọ nípa ọkọ̀ mẹ́wàá pé kò sí nǹkan nínú wọn, tí wọ́n wá dákẹ́ lórí ìkọkànlá, àṣírí ìkọkànlá ti tú sọ́wọ́ Soviet Union, ọ̀tá wọn nígbà yẹn, nìyẹn. Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n pé tí àwọn bá gbà fún New Zealand, àwọn alájọṣe yòókù ní Éṣíà àti Yúróòpù á ní káwọn gbà fún tiwọn náà.

Ọ̀kan ní kí ó dá òun lójú kí wọ́n tó wọlé, ìkejì ní òun kì í sọ. Kò síbi tí méjèèjì ti lè pàdé nígbà yẹn.

Wọ́n gbìyànjú láti fọgbọ́n yí i ká. Ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ rán wá ni USS Buchanan, ọkọ̀ àtijọ́ tí kò lo agbára núkílíà rárá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọkọ̀ náà lè yin ASROC, ìyẹn ohun ìjà tí wọ́n fi ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, ASROC sì ṣeé fi bọ́ǹbù núkílíà sí lórí. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ní Wellington, olú ìlú New Zealand, pé kò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà láàárín àwọn ọ̀gá ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba díẹ̀, kò tíì dé etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, ká má tíì sọ ti aráàlú. Nígbà tó jò síta, ariwo ta. Lange fúnra rẹ̀ ti lọ sí erékùṣù Tokelau, igbákejì rẹ̀, Geoffrey Palmer, ló ń dè é nílé. Ní oṣù kejì 1985, New Zealand ní kí ọkọ̀ náà má wá.

Irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an: ológun á ti bára wọn sọ̀rọ̀ tán, wọn ò ní gbé e dé iwájú àwọn tó máa jíhìn fún aráàlú. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ láàárín Jàpáánì àti Gúúsù Kòríà ní oṣù kẹfà 2012. Wọ́n ti múra tán láti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á máa fún ara wọn ní ìròyìn àṣírí nípa ètò ààbò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé kálàmù, Gúúsù Kòríà yẹ̀ ẹ́, torí pé àwọn aráàlú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, inú wọn sì ru. Ìwé tó yẹ kó parí lọ́jọ́ yẹn kò parí títí di oṣù kọkànlá 2016.

Ẹ jẹ́ ká padà sí New Zealand. Amẹ́ríkà kò lé e kúrò nínú ANZUS. Ó dá ìdánrawò dúró, ó dín ìròyìn àṣírí tó ń fún un kù, ó ti ìpàdé àwọn ọ̀gá àgbà pa, ní oṣù kẹjọ 1986 ó sì kéde pé òun ti dá ojúṣe ààbò tí òun ní sí New Zealand dúró. Ọsirélíà wá ń bá kálukú wọn ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. New Zealand náà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òfin ní oṣù kẹfà 1987. Ohun tó mú kí ọkàn aráàlú le tó bẹ́ẹ̀ ni pé ní oṣù keje 1985, àwọn amí ìjọba Faransé fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ Rainbow Warrior ti ẹgbẹ́ Greenpeace ní èbúté Auckland, ayàwòrán kan sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí olóṣèlú tó lè dábàá pé kí wọ́n dẹ òfin náà, kó má pàdánù ìbò.

Ó ní ohun tí wọn ò gé, mo sì fẹ́ kí ẹ fojú sí i, torí pé ibẹ̀ ni àtúnṣe ti rí ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn náà. Bàálù ológun Amẹ́ríkà kò dẹ́kun láti máa balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Christchurch, kí wọ́n tó kọjá sí ibùdó ìwádìí McMurdo ní Antarctica. Wọn ò já okùn ìròyìn abẹ́lẹ̀ tán pẹ̀lú: ní 1989, láàárín ìjà gan-an, New Zealand ṣí ibùdó Waihopai tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú sátẹ́láìtì, ibùdó náà sì wà lára ètò tí òun, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti Ọsirélíà jọ ń ṣe. Ẹni tó bá ń bínú gbọ́dọ̀ fi irú okùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá já, kò ní sí ọ́físà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó mọ nọ́ńbà ẹni tó máa pè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì nígbà tí àyè bá ṣí.

Àyè ṣí ní oṣù kẹsàn-án 1991. Ààrẹ George H. W. Bush kéde pé òun á kó àwọn ohun ìjà núkílíà kéékèèké kúrò nínú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń rìn lójú omi, wọ́n sì parí kíkó wọn kúrò ní 1992. Kò ṣe é torí New Zealand, Soviet Union tó ń fọ́ ló fà á. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ohun tí New Zealand ń bẹ̀rù kò sí nínú irú ọkọ̀ bíi Buchanan mọ́, gbogbo ayé sì mọ̀, láìjẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ kankan yanu sọ ọ́.

Kí ló wá fà á tó tún fi gba ọdún 24? Ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Washington kò kú pẹ̀lú ohun tó bí i. Ọ́físà Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun òun bá ti New Zealand ṣe ìdánrawò ní láti tọrọ àyè pàtàkì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá lókè. Ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lórí tábìlì, torí náà ọ̀pọ̀ ọ́físà kì í dá ara wọn láàmú láti kọ ọ́. Ohun tó ń pa àjọṣe ológun nìyẹn ju ìbínú lọ. Àwọn tó mọ ara wọn á fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ọwọ́ ara wọn, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ lórí rédíò àti ọ̀nà pípa àṣírí mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ ló tún mú wọn sún mọ́ra. Láti ìparí 2001, àwọn ọmọ ogun àkànṣe New Zealand, ìyẹn SAS, bá ti Amẹ́ríkà jà ní Afganísítàánì, ní 2004 sì ni ẹgbẹ́ ogun tí wọ́n wà nínú rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ Amẹ́ríkà. New Zealand tún ń mójú tó ìgbèríko Bamyan níbẹ̀ láti 2003 títí di 2013. Ẹni tó ti bá ọ jagun kò ṣeé pè ní aláìṣeégbẹ́kẹ̀lé ní ìpàdé. Ní oṣù keje 2008, Condoleezza Rice, akọ̀wé ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, lọ sí Auckland, ó sì pe New Zealand ní ọ̀rẹ́ àti alájọṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìwé wá. Ìkéde Wellington ti ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá 2010 wà fún àjọṣe gbogbogbòò. Ìkéde Washington ti oṣù kẹfà 2012 wà fún ti ológun: ìpàdé àwọn ọ̀gá ètò ààbò déédéé, ìṣọ́ ojú omi, ìrànwọ́ nígbà àjálù, iṣẹ́ àlàáfíà. Ìwé méjèèjì kò gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ núkílíà. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Lójú tiwa, ìyẹn ni ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá ti ní dandan àfi kí àwọn yanjú ti 1985 kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìrànwọ́ àjálù, wọn ì bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Ẹ wo bó ṣe rí lójú ayé ní 2012 yẹn. New Zealand padà sí RIMPAC, ìdánrawò ńlá ojú omi tí Amẹ́ríkà máa ń gbàlejò rẹ̀ ní Hawaii, èyí tí kò bá wọn ṣe láti 1984. Ọkọ̀ méjì ló mú wá, Te Kaha àti Endeavour. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù so ọkọ̀ wọn mọ́ Pearl Harbor, tó fi mọ́ Jàpáánì. Ti New Zealand lọ so mọ́ èbúté àwọn oníṣòwò ní Honolulu, torí pé ìlànà àtijọ́ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ogun rẹ̀ wọ ibùdó ológun Amẹ́ríkà. Wọ́n jọ ń ṣe ìdánrawò lójú omi lọ́sàn-án, tó bá di pé kí wọ́n wálẹ̀, wọ́n á pínyà. Àwọn tó ń gbé ìwé àyè kiri ní Washington rí ìtìjú tó wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Leon Panetta, akọ̀wé ètò ààbò Amẹ́ríkà, wá sí Auckland, ó sì kéde pé akọ̀wé ètò ààbò lè máa fún ọkọ̀ New Zealand láyè báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2014, ọkọ̀ ogun New Zealand kan, Canterbury, so mọ́ Pearl Harbor.

Ó ku kí ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá. Ibí yìí ló ṣe tíńrín jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kà dáadáa. Òfin 1987 kò ní kí Amẹ́ríkà sọ nǹkan kan. Ohun tó sọ ni pé olórí ìjọba New Zealand lè fún ọkọ̀ ogun láyè tó bá ti dá òun fúnra rẹ̀ lójú, látinú ìròyìn àti ìmọ̀ràn tó wà níwájú rẹ̀, pé kò gbé ohun ìjà núkílíà. Ọkọ̀ tó ń fi agbára núkílíà rìn ni kò ní àyè rárá. Ní 2016, àwọn Ọmọ Ogun Ojú Omi New Zealand ń ṣe ọdún 75, wọ́n pe ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n pe Amẹ́ríkà náà. Ní oṣù keje, Joe Biden, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá sí Auckland, ó ní ọkọ̀ máa wá. USS Sampson ni wọ́n yàn. Kò lo agbára núkílíà, irú ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kúrò lábẹ́ ìfura láti 1992. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè New Zealand kọ ìmọ̀ràn, John Key tó jẹ́ olórí ìjọba kà á, ó ní ó dá òun lójú, ó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò bi Amẹ́ríkà ní ìbéèrè, Amẹ́ríkà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìlànà méjèèjì dúró gbọn-in.

Nígbà tí Sampson ń bọ̀ lọ́nà, ilẹ̀ mì ní Kaikōura, ìlú kan ní New Zealand, lóru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Òkè wó dí ojú ọ̀nà àti ọ̀nà rélùwéè, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò há sínú ìlú. Sampson yà síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Ọsirélíà àti ti Kánádà láti ran Canterbury lọ́wọ́, hẹlikópítà rẹ̀ sì ń gbé ẹrù ìrànwọ́ wọlé. Iṣẹ́ ìrànwọ́ àjálù tí wọ́n ti kọ sínú ìwé 2012 ni wọ́n ń ṣe yẹn, àwọn ológun méjèèjì sì ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin ṣáájú.

Títí di òní, òfin 1987 wà bẹ́ẹ̀. Ojúṣe tí Amẹ́ríkà dá dúró ní 1986, kò sí ìwé tó dá a padà. Nígbà tí Ọsirélíà kéde ní 2021 pé òun á ra ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń fi núkílíà rìn, New Zealand sọ fún un kíá pé wọn kò ní wọ omi òun. Àjọṣe lè sàn láìjẹ́ pé ó padà sí bó ṣe wà.

Ìbéèrè yín nípa ẹni tó ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀: ó sábà máa ń jẹ́ ọ́físà àárín àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ààbò, àwọn tí ó dà bíi kọ́nẹ́ẹ̀lì àti àwọn aṣojú ológun ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba lókè òkun. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò gba àṣírí: wíwá ẹni tó sọnù lójú omi, ìrànwọ́ àjálù, kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà. Kò sí aṣòfin tó máa bínú sí ìyẹn. Àtibẹ̀ ni wọ́n á ti dé ìdánrawò orí tábìlì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, ìdánrawò gidi, lẹ́yìn náà ìròyìn àṣírí. Tí wọ́n bá fi ti ìparí ṣe àkọ́kọ́, bí ti Jàpáánì àti Kòríà ní 2012 ló máa ń rí.

Àwọn méjì yẹn tún kọ́ wa ní òmíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2018, bàálù ológun Jàpáánì kan, P-1, fò sún mọ́ ọkọ̀ ogun Kòríà ní òkun tó wà láàárín wọn, nígbà tí ọkọ̀ náà ń tọ́jú ọkọ̀ apẹja Àríwá Kòríà kan tó wà nínú wàhálà. Jàpáánì ní ọkọ̀ náà tan rédà tí wọ́n fi ń dojú ìbọn kọ nǹkan sí bàálù òun. Kòríà ní irọ́ ni, bàálù ló fò sílẹ̀ jù. Kálukú gbé fídíò síta, ìyẹn ló sì bà á jẹ́. Lẹ́yìn tí fídíò ti jáde, ọ̀gágun tó bá gbà pé ọmọ òun ṣi ẹsẹ̀ gbé ti dójú ti gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ̀rí tó lè parí ẹjọ́ náà ni àkọsílẹ̀ rédà gan-an, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ yẹn á tú àṣírí agbára ẹ̀rọ wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ lé ìkejì lọ́wọ́. Ó wá di oṣù kẹfà 2024, ní Singapore, kí àwọn mínísítà ètò ààbò méjèèjì tó yanjú rẹ̀. Wọn ò pinnu ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n fi ẹnu kò sí bí kò ṣe ní ṣẹlẹ̀ mọ́: kí ọkọ̀ àti bàálù tẹ̀lé ìlànà ìpàdé ojú òkun tí àwọn ọmọ ogun ojú omi agbègbè Pàsífíìkì ti fọwọ́ sí láti 2014, kí wọ́n jìnnà síra tó, kí wọ́n máa pe ara wọn lórí rédíò.

Ẹ má rò pé gbogbo ìjà ló ń parí bẹ́ẹ̀. Tọ́kì gba S-400, ohun ìjà tí wọ́n fi ń já bàálù lulẹ̀, lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní oṣù keje 2019, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ètò bàálù ogun F-35 tirẹ̀, ó ní rédà S-400 á kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí bàálù náà. Níbí, ohun tó fa ìjà jẹ́ irin tó wà nílẹ̀, wọn ò lè fi ìwé yí i ká. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá ibòmíràn: ní oṣù kìíní 2024, lẹ́yìn tí Tọ́kì gbà kí Sweden wọ NATO, ìyẹn àdéhùn ogun tí Tọ́kì àti Amẹ́ríkà jọ wà nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títa bàálù ogun F-16 fún un. Ti F-35 ṣì há.

Nàìjíríà kò bá Amẹ́ríkà ní àdéhùn ogun bíi ti wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ rántí 2014. Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n ta hẹlikópítà Cobra fún wa, Ambassador Adebowale Adefuye, aṣojú wa níbẹ̀, sì bínú síta ní Washington ní oṣù kọkànlá. Láàárín oṣù kan, Nàìjíríà dá ẹ̀kọ́ tí àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà ń fún bàtálíọ̀nù wa kan dúró. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni òfin Leahy, tó ní kí wọ́n má ran ẹgbẹ́ ológun tó bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀ gidigidi lọ́wọ́. Òfin yẹn ń wo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í wo gbogbo ológun pọ̀, ibẹ̀ sì ni àyè wà. Wọ́n ń yẹ orúkọ àwọn tó máa gba ẹ̀kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àdéhùn bàálù Super Tucano 12 wáyé, ẹ̀kọ́ nípa òfin ogun àti dídáàbò bo aráàlú wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù wa ní ibùdó Moody ní Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún ibùdó Kainji ṣe. Ìtajà náà dúró lẹ́yìn tí bàálù ológun wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann ní oṣù kìíní 2017, ó tún gbéra lọ́dún yẹn kan náà. Bàálù dé ní 2021.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún gbọ́ pé àwọn méjì kan ti parí ìjà, ẹ má ka bí àwọn ààrẹ ṣe bọ ara wọn lọ́wọ́ sí. Ẹ wo ibi tí wọ́n gba ọkọ̀ ìkejì láyè láti so sí. Ẹ wo bóyá ìwé àṣẹ kan ṣì ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kí ìdánrawò kékeré tó lè wáyé, bóyá àyè wà fún ọ́físà wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ara wọn lọ́dún tó ń bọ̀, àti bóyá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fi owó sí i nínú ètò ìṣúná.